Ẹ̀rọ tí ń tún ọta ìbọn kì kò yẹ ilé ẹnikẹ́ni ní Kòsọ́fẹ́

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ọdẹ ni í ṣa kóròfo ọta tí wọ́n ti yìn, tí wọn a sì tún un kì nílé. Ẹ̀rọ kan ń ṣe é ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òmíràn wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá fa ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, iṣẹ́ á lọ lórí kóròfo bíi mélòó kan pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tà á ni òfin ìjọba àpapọ̀ ibẹ̀ ní kó gba ìwé àṣẹ.

Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà. Òfin ohun ìjà ọdún 1959 kò fi àyè gba ṣíṣe ọta tàbí títò ó pọ̀, àfi ní ilé ohun ìjà ìjọba àti ti ológun.

Lóòótọ́, owó ọta lè ni ọdẹ lára. Ṣùgbọ́n Kétu, Máìlì 12 àti Ìkòsí kì í ṣe igbó ọdẹ. Nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Máìlì 12 ní oṣù kẹta ọdún 2016, ẹ̀mí ṣòfò, Gómìnà Akínwùnmí Ambode sì ti ọjà náà pa. Bí ọta bá ń ti inú yàrá jáde, ta ni yóò mọ iye rẹ̀? Ìjọba tó ń ṣọ́ ìbọn tí kò ṣọ́ ọta, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe.