Ọ̀rọ̀ Onílẹ́tà Márùn-ún

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láì fepo bọyọ̀: ọmọ tó bá lè wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì onílẹ́tà márùn-ún tí Z wà nínú rẹ̀ jáde kíá, eré ló mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹni tó bá ní ìmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn, tàbí pé ọmọ tí kò lè ṣe é ti di olódo, irọ́ ló ń pa.

Ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, ẹ ó rí àwọn òbí tó ń pe ọmọ wọn jáde síwájú àlejò: "Ó yá, sọ ọ̀rọ̀ tó ní Q tí kò ní U!" Ọmọ á dáhùn, gbogbo ilé á pàtẹ́wọ́. Ẹ wá ní kí ọmọ kan náà kí ìyá àgbà, ilẹ̀ ni yóò máa wò. Ilé ìwé aládàáni kan tí n kò ní dárúkọ gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ mi, wọ́n ló sọ "fànákúlà" nídìí Scrabble. Kí lọmọ sọ? "Ó kàn mí." Òun náà ló sì ní máàkì jù lọ lọ́jọ́ náà!

N kò bá eré náà jà o. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2015, ní ìlú Perth ní Australia, ọmọ Nàìjíríà kan, Wellington Jighere, na Lewis Mackay, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an, ní 4 sí òdo nínú àṣekágbá, ó sì di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ife àgbáyé náà. Lára ọ̀rọ̀ tó fi borí ni FELTY, lẹ́tà márùn-ún péré, máàkì 36. Àwọn tiwa ti rí i pé kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ọ̀rọ̀ gígùn ń pé. Ẹni tó da lẹ́tà méjèèje sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà á gba 50 máàkì lé, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó lè ṣílẹ̀kùn fún alátakò, kò sì mọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ máa bá nínú àpò. Wọ́n wá kọ́ ọ̀rọ̀ onílẹ́tà márùn-ún rẹpẹtẹ, wọ́n ń tọ́jú lẹ́tà gidi sọ́wọ́. Ẹni tó bá mọ ayò ọlọ́pọ́n kò ní bá wọn jiyàn. Ọ̀ta kì í torí ọmọ ayò méjì tó fẹ́ jẹ gbàgbé ilé tirẹ̀.

Àmọ́ ẹ bi tísà mẹ́wàá pé kí ni FELTY. (Ohun tó bá rí bí irun àgùntàn tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ di aṣọ ni.) Eré náà kò bèèrè ìtumọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ gbọ́ ti Nigel Richards, ará New Zealand. Nínú ọdún 2015 kan náà, ó gba ife àgbáyé Scrabble ti èdè Faransé, bẹ́ẹ̀ kò lè sọ Faransé! Ó kàn há ìwé ọ̀rọ̀ sórí ni. Ní 2024, ó tún lọ gba ti èdè Spanish ní Granada, kò gbọ́ ìyẹn náà. Ṣé ẹ fẹ́ kó wá máa kọ́ ọmọ yín ní Faransé?

Ibi tó ń dùn mí gan-an nìyí. Alfred Butts, ará Amẹ́ríkà tó dá eré yìí sílẹ̀ láàárín ọdún 1930 sí 1940, ìwé ìròyìn ló jókòó tì, tó ń ka iye ìgbà tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan yọjú. Ìdí nìyẹn tí E fi jẹ́ 12 nínú 100, tí Q àti Z fi jẹ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan, máàkì 10 lórí. Gẹ̀ẹ́sì ló kà. Kí ló dé tí a kò lè ka tiwa? Lẹ́tà Yorùbá jẹ́ 25. Kò sí Q, kò sí X, kò sí Z. GB á jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo. Fáwẹ̀lì á pọ̀ gan-an: ilé, ayé, òwò, iṣẹ́, méjì nínú mẹ́ta ni fáwẹ̀lì.

Wọ́n ní àmì ohùn máa dí wa lọ́wọ́. Òun gan-an ló máa mú un dùn! Ẹ to Ọ, K, Ọ sílẹ̀: ọkọ tó fẹ́ aya, ọkọ́ tí à ń fi roko, ọkọ̀ tí à ń wọ̀, ọ̀kọ̀ jagunjagun. Lẹ́tà mẹ́ta, ọ̀rọ̀ mẹ́rin. Ẹni tó bá ta á, kó pè é síta, kó sọ ìtumọ̀ rẹ̀. Bí ohùn bá ṣì, máàkì lọ. Ìyá àgbà tí kò mọ̀wé pàápàá á lè ṣe rẹfirí.

Ẹni tó bá ní ìyẹn á ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ jẹ́, kó rántí ilé ìwé St. Stephen's 'A' ní Modákẹ́kẹ́. Ibẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún odidi ọdún mẹ́fà, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tó tètè yí sí Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò rẹ̀yìn rárá, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, ìlànà èdè abínibí tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2022, wọ́n fagi lé e ní oṣù kọkànlá 2025. Ó ga o!

Ṣùgbọ́n kò sí ìjọba tó lè ní ká má ta ayò nílé wa. Gbẹ́nàgbẹ́nà wà ní Ifẹ̀ tó lè gé 100 ègé pákó kí ilẹ̀ tó ṣú. Lẹ́tà kíkà ló kù. Ẹni tó bá ṣe tán, kó mú ìwé ìròyìn Yorùbá kan àti bírò, kó kọ̀wé sí olóòtú. GB ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún èmi.