Ẹran Orí Àtẹ ní Alakahia

Alakahia, ní ìjọba ìbílẹ̀ Obio/Akpor lẹ́bàá Port Harcourt, ni Ilé-Ìwòsàn Ìkọ́ni ti Yunifásítì Port Harcourt wà. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ oṣù níbẹ̀, àwọn oníṣòwò, àti àwọn tí wọ́n wá tọ́jú aláìsàn, àtẹ àdúgbò ni wọ́n ti ń ra ẹran ọbẹ̀. Ọbẹ̀ tí wọ́n gbé lọ fún aláìsàn ní wọ́ọ̀dù kò yẹ kí ó di àìsàn kejì sí i lára.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé eṣinṣin àti oòrùn ni í ba ẹran jẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìbàjẹ́ mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ kí ọ̀bẹ alápatà tó kan màlúù lọ́rùn. Láti Maiduguri dé Port Harcourt ju 1,000 kìlómítà lọ. Lórí ìdúró ni màlúù ń rin ìrìn náà nínú ọkọ̀ akẹ́rù, òùngbẹ ń gbẹ wọ́n, ìwo ẹnìkejì ń gún wọn, èyí tí ó bá sì ṣubú di ìtẹ̀mọ́lẹ̀. Bí wọ́n ti ń sọ̀ wọ́n kalẹ̀ ni pípa ń yá.

Irú ṣúgà kan ń bẹ nínú iṣan ẹran tí ó fi ń rìn. Bí wọ́n bá pa màlúù tí ó ti sinmi, ṣúgà yìí yóò di omi kíkan nínú ẹran láàárín wákàtí 24. Òun ni í jẹ́ kí ẹran pọ́n dáradára, tí kì í sì í jẹ́ kí kòkòrò àìfojúrí tètè gbilẹ̀ nínú rẹ̀. Èyí tí ìrìn àti ẹ̀rù ti tán lókun kò ní ṣúgà tó mọ́. Ẹran rẹ̀ a dúdú, a gan, a gbẹ lójú, a sì tètè rùn. Bákan náà ni ó rí lára ẹfọ̀n omi tí wọ́n ń sìn ní Íńdíà àti Íjíbítì (kì í ṣe ẹfọ̀n inú igbó tí àwọn ọdẹ mọ̀). Íńdíà ń ta ẹran ẹfọ̀n sí òkè òkun lọ́pọ̀lọpọ̀, yìnyín ni wọ́n sì fi ń gbé e rìn. Ní Port Harcourt, orí pákó àti inú bàsíà ni ẹran ń gbé títí di ìrọ̀lẹ́.

Ọ̀rọ̀ awọ tún wà níbẹ̀, pọ̀nmọ́ tí àwọn ará Port Harcourt ń pè ní kanda. Táyà ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ ń sun láti fi wi irun màlúù, nítorí pé igi ìdáná ti wọ́n, táyà àlòkù sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀fẹ́. Èéfín táyà ní èròjà olóró nínú, àwọn mìíràn lára wọn a sì máa fa àrùn jẹjẹrẹ. Omi àti kàn-ìn-kàn-ìn kò lè fọ̀ ọ́ kúrò tán lára awọ. Ìlú tí èéfín dúdú ti ń bá jà láti ọdún 2016, tí ẹsẹ̀ ọmọdé ń dúdú nínú ilé, kò yẹ kí ó tún máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ sun táyà nítorí oúnjẹ. Omi gbígbóná àti ọ̀bẹ ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Iná gáàsì náà ń ṣe é.

Ní oṣù keje ọdún 2023, wọ́n rí àrùn anthrax lára ẹran ọ̀sìn ní Suleja, Ìpínlẹ̀ Niger. Sísè nínú ìkòkò kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé láti pa irúgbìn àrùn yìí. Ikọ́ ife pẹ̀lú ń bẹ lára màlúù, kókó inú fùkù ni dókítà ẹran fi ń dá a mọ̀. Alápatà tí kò bá sí dókítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ a kàn gé kókó náà sọnù, a sì ta ìyókù.

Ta ni ó yẹ kí ó dúró níbẹ̀? Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 kò fi ìyẹn pamọ́: iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni láti dá ilé ìpẹran sílẹ̀, láti tọ́jú rẹ̀ àti láti mójú tó o. Obio/Akpor ń gba owó lọ́wọ́ ọlọ́jà. Ó tọ́ kí wọ́lé-wọlé àti dókítà ẹran wà níbi pípa kí ilẹ̀ tó mọ́, kí òǹtẹ̀ wà lára ẹran kí ó tó kúrò níbẹ̀, kí omi ẹ̀rọ àti ìwọ̀ ìfẹran-kọ́ sì wà, kí ẹran má baà máa yí nínú ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ìjọba má fi ipá ṣe é. Ní Ìbàdàn, nígbà tí ìjọba fẹ́ kó àwọn alápatà Bódìjà lọ sí odò ẹran tuntun ní Amósùn, ọ̀rọ̀ náà di ìjà ní oṣù kẹfà ọdún 2018, ẹ̀mí sì ṣòfò. Àwọn alápatà náà ní ìdílé tí wọ́n ń bọ́.

Agbára díẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé Alakahia pẹ̀lú. Ẹni tí ó ń ṣe ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó, tí ó ra odidi màlúù, lè rà á ní ọjọ́ méjì ṣáájú, kí ó fún un ní omi àti koríko, kí ó jẹ́ kí ó sinmi, kí ó sì ránṣẹ́ pe dókítà ẹran ní òwúrọ̀ tí wọn yóò pa á. Owó dókítà náà kò tó owó ìtàn màlúù kan.