Ẹ Má Gbé Màmá Pamọ́ Nítorí Ọmọ Tí Ẹ Fẹ́ Gbà

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí lè dun àwọn kan, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé òpin kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Ọdún kọkànlá rèé tí èmi àti bàálé mi ti ṣe ìgbéyàwó, a kò sì tíì gbọ́ igbe ọmọ tuntun nínú ilé wa. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ wá ti bá wa gbààwẹ̀, ẹ ti bá wa ṣe ìṣọ́ òru, a kò ní gbàgbé. Lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn àdúrà gígùn àti ẹkún tí mi ò lè kà tán, a fẹnu kò pé a ó lọ gba ọmọ tí kò ní òbí, kí òfin sì sọ ọ́ di ọmọ wa pátápátá. Láti ìgbà náà ni ìmọ̀ràn ti ń rọ̀ lé wa lórí bí òjò. Ọ̀kan nínú ìmọ̀ràn yẹn ló mú mi gbé bírò.

Arábìnrin kan tí ó fẹ́ wa dénú ló wá bá mi ní ẹ̀gbẹ́ ìkòkò aró. Ó ní nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ wẹ́fíà bá ń bọ̀ wá wo ilé wa, kí n gbé ìyá ọkọ mi lọ sí ọ̀dọ̀ àbúrò wọn fún ọjọ́ díẹ̀, kí n kó ìkòkò kúrò lẹ́yìnkùlé, kí n yá àga tìmùtìmù lọ́wọ́ aládùúgbò, kí bàálé mi sì wọ kóòtù bí ẹni tó ń ti ọ́fíìsì bọ̀. Ó ní, "Wọn kì í gbé ọmọ fún ilé ìyà."

Kí ẹ lè mọ ohun tó bí ìmọ̀ràn yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ilé wa ṣe rí. Iṣẹ́ àdìrẹ ni mò ń ṣe ní Abẹ́òkúta níbí, Ìtòkú ni mo ti ń tà á. Ní ọdún 2023, tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí náírà sì já wálẹ̀, ilé iṣẹ́ tí bàálé mi wà dín òṣìṣẹ́ kù, ó sì wà lára àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé. Ọ̀kadà ló ń gùn báyìí. Kí ọdún yẹn tó parí, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ìyá rẹ̀. Apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún Màmá kò ṣiṣẹ́ mọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sì di èyí tí ènìyàn ní láti fara balẹ̀ kí ó tó gbọ́. Aró, sódà àti áídírọ̀ọ̀sì tó ń ti òkè òkun wá gbówó lórí. Aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ àwòrán àdìrẹ sí láti ilẹ̀ Ṣáínà sì kún ọjà, wọ́n ń tà á ní iye tí n kò lè fi ra tẹ́rú funfun lásán.

Àwọn kan ti bi mí pé kí ló dé tí n kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. (Ẹnì kan tilẹ̀ bi mí bóyá kò sí òrìṣà nínú ìkòkò aró. Mo ní kí ó bẹ̀rẹ̀ kó wo inú rẹ̀ fúnra rẹ̀.) Màmá yìí náà ló kọ́ mi ní iṣẹ́ ọ̀hún nígbà tí mo dé ilé ọkọ. Wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń ro láfún pọ̀ mọ́ álọ́ọ̀mù títí yóò fi ki, bí a ṣe ń fi ìyẹ́ adìẹ kọ ọnà sára aṣọ, bí a ṣe ń sá a kí ó gbẹ dáadáa ká tó rì í bọ aró, tí a ó yọ ọ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, tí a ó tún rì í. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè kánjú sí iṣẹ́ yẹn. Ní àwọn òru tí àdúrà kò gba ẹnu mi jáde mọ́ láàárín ọdún wọ̀nyí, ìyẹ́ adìẹ ni mo dì mú. Mo máa ń kọ ọnà títí ọkàn mi yóò fi rọlẹ̀, nígbà náà ni n ó tó lè sọ pé "Bàbá." Màmá yóò wà lórí kẹ̀kẹ́ wọn, wọn yóò máa fi ọwọ́ òsì nawọ́ sí ibi tí mo ti kọ ọnà gbàgede. Ojú wọn kò rọ.

Ẹ má rò pé akọni ni mí. Mo gba ìmọ̀ràn arábìnrin yẹn. Mo di aṣọ Màmá sínú àpò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo di oògùn wọn, mo sì sọ fún wọn pé àbúrò wọn ń fẹ́ rí wọn. Wọ́n wo àpò, wọ́n wò mí. Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó jáde. Wọ́n ní, "Ṣé ọmọ náà ò ní mọ̀ mí ni?"

Mo tú àpò náà.

Ẹ̀yin ará, ibo la ti rí ìtìjú yìí? Mo wádìí ọkàn mi, mo sì rí i pé orí pẹpẹ wa la ti rí díẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó ra mọ́tò ló ń jẹ́rìí, ẹni tó rí físà gbà ló ń jẹ́rìí. Ẹni tó ń wẹ ìyá ọkọ rẹ̀ láràárọ̀, tó sì ń wá owó oògùn, kì í rí gbohùngbohùn gbà. Díẹ̀díẹ̀ a ti gbà pé ilé tí ìyà bá wà, Ọlọ́run ti jáde níbẹ̀. Èyí ló ń jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ gba ọmọ máa wá bí òun yóò ṣe jọ ẹlẹ́rìí kí òun tó jọ òbí.

Ẹ wo Jósẹ́fù. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni, iṣẹ́ ọwọ́ ló fi ń jẹun. Ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀ ni Ọlọ́run gbé lé e lọ́wọ́, òun ló sì sọ ọmọ náà lórúkọ. Nígbà tí wọ́n gbé ọmọ lọ sí tẹ́ńpìlì, ẹbọ ẹyẹ méjì ni Lúùkù mẹ́nu bà, bí ẹ bá sì ṣí Léfítíkù orí kejìlá, ẹ ó rí i pé ti ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká ọ̀dọ́ àgùntàn nìyẹn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi sá àsálà lọ sí Íjíbítì lóru. Ta ni nínú wa ni ìbá gbé ọmọ fún irú ilé bẹ́ẹ̀?

N kò sọ pé kí ẹni tí kò rí oúnjẹ òòjọ́ lọ gba ọmọ. Ó yẹ kí wẹ́fíà béèrè ohun tí à ń jẹ àti ibi tó ti ń wá. Ohun tí mò ń sọ ni pé Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí gbogbo ìpínlẹ̀ wa ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù ti sọ di òfin tiwọn, kò sọ pé olówó nìkan ló lè gba ọmọ. Ó fẹ́ kí tọkọtaya tó bá fẹ́ jọ gba ọmọ ti pé ọmọ ọdún 25, ẹni tó dá wà kí ó ti pé 35, kí ó sì gba ọmọ tó jẹ́ ọkùnrin bíi tirẹ̀ tàbí obìnrin bíi tirẹ̀. Ó ní kí ènìyàn ti gbé ìpínlẹ̀ náà fún ọdún 5, kí ó sì ti sọ èrò rẹ̀ fún òṣìṣẹ́ wẹ́fíà ní oṣù 12, ó kéré tán, kí ilé ẹjọ́ tó fọwọ́ sí i. Ọmọ gbọ́dọ̀ ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀ fún oṣù 3 gbáko. Ìwé ìgbéyàwó, ìwé ọjọ́ ìbí, fọ́tò, ìwé ìlera láti ilé ìwòsàn ìjọba, gbogbo rẹ̀ ni wọn yóò gbà. Ìlànà ìpínlẹ̀ kan lè yàtọ̀ díẹ̀ sí ti òmíràn, nítorí náà ẹ lọ béèrè ní ọ́fíìsì wẹ́fíà tó sún mọ́ yín, ẹ má béèrè lọ́wọ́ mi.

Ìmọ̀ràn kejì tí mo fẹ́ fọwọ́ bà ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìjọ wa: "Ẹ gba ọmọ sílé, yóò pe àwọn ọmọ tiyín wá." Àwọn tó ń sọ ọ́ kò ní ohun búburú lọ́kàn, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ṣé ìdẹ ẹnu ìwọ̀ ni ọmọ ni? Bí ọmọ inú mi bá dé, kí ni ó kù tí èyí àkọ́kọ́ wá ṣe nílé mi? Mo mọ ilé kan tí wọ́n gba ọmọbìnrin kékeré kan tọwọ́tẹsẹ̀, gbogbo ìjọ bá wọn jó. Nígbà tí ìyá ilé lóyún tó sì bí, ọmọ yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í pọn omi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sùn sí ilé ìdáná. Wọn kò lé e jáde o. Wọ́n kàn ń pè é ní "ọmọ tó mú ire wá," bí ènìyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ ẹrù tó ti ṣiṣẹ́ tán. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó bi wọ́n léèrè. Èmi náà ò bi wọ́n.

A ti ń gba ọmọ ìbátan tọ́ láti ayébáyé, ohun dáadáa ni, bí a bá yọ ti àwọn tó ń sọ ọmọ ẹbí di ọmọ ọ̀dọ̀ kúrò. Ìsọdọmọ lábẹ́ òfin ju ìyẹn lọ. Lọ́jọ́ tí adájọ́ bá fọwọ́ sí i, ọmọ náà ti di bí ẹni tí a bí sínú ìgbéyàwó wa, títí kan ogún. Bí èmi bá wá bí mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, òun ni àkọ́bí. Tọkọtaya tí ọ̀rọ̀ yìí bá korò lẹ́nu wọn, kí wọ́n dúró ná. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀.

Ẹlòmíràn sọ fún mi ní bòókẹ́lẹ́ pé ibì kan wà tí ènìyàn ti lè sanwó, kí ó di aṣọ mọ́ inú bí aboyún fún oṣù mélòó kan, kí wọ́n sì gbé ọmọ fún un, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀. Ẹ sá fún wọn. Ríra ọmọ àti títa ọmọ, ọ̀ràn ni lábẹ́ òfin kan náà yẹn. Lẹ́yìn ọmọ tí wọ́n bá gbé fún yín, ọmọbìnrin kan wà tí wọ́n tì mọ́ yàrá kan, tí ẹnikẹ́ni kò bi í bóyá ó fẹ́. A kò lè mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wá síwájú pẹpẹ kí a máa kọ hòsánà.

Ọjọ́ ìbẹ̀wò pé. Obìnrin kan ló wá, fáìlì kan wà ní abíyá rẹ̀. Kò wo àga wa. Ó jókòó ti Màmá, ó bi wọ́n ní orúkọ wọn, ó sì dúró títí orúkọ náà fi jáde tán. Lẹ́yìn náà ó ní kí n mú òun lọ sẹ́yìnkùlé. Ó wo àwọn ìkòkò, ó fẹ́ràn aṣọ tó wà lórí okùn, ó sì wá bi mí pé, "Ibo lẹ ń kó sódà yìí sí?"

Mo nawọ́ sí abọ́ kan tí kò ní ọmọrí, ní abẹ́ fèrèsé.

Ó ní, "Ọmọ tó bá ń rákò yóò dé ibẹ̀."

Ara mi bù máṣọ. Èmi tí mò ń wá ibi tí n ó gbé Màmá pamọ́ sí, ohun tó yẹ kí n gbé pamọ́ gan-an wà lábẹ́ fèrèsé, n kò rí i. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni bàálé mi fi pákó àlòkù kan àhéré sí ìpẹ̀kun ilẹ̀ wa, ó fi ilẹ̀kùn sí i, ó fi àgádágodo sí i. Ibẹ̀ ni sódà àti áídírọ̀ọ̀sì wà báyìí, ọrùn mi ni kọ́kọ́rọ́ sì wà.

Ìbéèrè kan ṣì kù tí obìnrin náà bi mí. Ó ní, "Bí ara ọmọ kò bá yá, tí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, tí ọkọ yín sì wà lórí ọ̀kadà, ta ni yóò wà pẹ̀lú Màmá?" Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Nígbà tó yá mo ní, "Àwọn ará ìjọ mi."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀yin ará, n kò tíì sọ fún yín kí n tó sọ fún un, ẹ dárí jì mí. Yóò tún padà wá. Ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ ni mo máa ń pa aró, láti aago mẹ́jọ títí di ọ̀sán. Mo fẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó dé, kí Màmá lè mọ ojú yín. Kò sí ohun tí ẹ ó gbé dání. Wọ́n fẹ́ràn ẹ̀kọ gbígbóná ní àárọ̀, wọn kì í sì fẹ́ kí a bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá pẹ́ kí wọ́n tó dá yín lóhùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró.