Kì í Ṣe Ọ́ìlì Ló Ń Gbé Owó Lọ

Láàárín àwọn ọmọ Yorùbá tó ń wa ọkọ̀ ní Houston, ní Atlanta àti ní ìpínlẹ̀ Maryland, àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán. Àwọn kan gbà pé ọ̀dọ̀ dílà, ìyẹn iléeṣẹ́ tó ń ta ọkọ̀ tuntun, nìkan ló yẹ kí èèyàn ti máa pààrọ̀ ọ́ìlì, torí àwọn ló mọ ọkọ̀ náà tinú-tẹ̀yìn. Àwọn kejì ní owó gọbọi ni dílà ń gbà lásán, pé ṣọ́ọ̀bù wéréwéré ẹ̀gbẹ́ títì, níbi tí ẹni tó ni ọkọ̀ kì í tiẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ni ọlọ́gbọ́n ń lọ. Ìwé owó fúnra rẹ̀ ni ìhà méjèèjì kì í kà. Ẹni tó bá kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ yóò rí i pé kì í sábà ṣe ibi tí wọ́n ti pààrọ̀ ọ́ìlì ló ń sọ owó di ńlá. Ohun tí wọ́n tà mọ́ ọ́ìlì ni, àti iye ìgbà tí èèyàn ń lọ láàárín ọdún kan.

Ẹ jẹ́ kí Camry onílítà 2.5 tí Toyota ń ṣe láti 2018 jẹ́ àpẹẹrẹ. Ẹ́ńjìn rẹ̀ kò mu ju lítà 4.5 lọ, ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní kúọ́ọ̀tì 4.8. Ọ́ìlì sintẹ́tíìkì tó fẹ́lẹ́ gan-an, 0W-16, ló ń mu. Ní àwọn ilé ìtajà ńlá, ike kúọ́ọ̀tì 5 ti sintẹ́tíìkì tó wọ́pọ̀ máa ń wà láàárín 25 sí 35 dọ́là, fílítà rẹ̀ sì wà ní nǹkan bíi 10 dọ́là. Síbẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ìlú lóde òní, ẹni tó bá gbé ọkọ̀ yìí lọ sí èyíkéyìí nínú ibi méjèèjì lè múra láti san 70 dọ́là ó kéré tán, ẹlòmíràn sì lè san 120. Owó iṣẹ́ àti owó ilé wà nínú rẹ̀, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀, ọwọ́ tó ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ jẹun. Àmọ́ ó yẹ kí èèyàn mọ̀ pé ọ́ìlì fúnra rẹ̀ kò tó ìdajì ohun tó san.

Ohun tó máa ń ya àwọn tó ń bẹ̀rù dílà lẹ́nu ni pé lọ́pọ̀ ìgbà, owó dílà kì í ju ti ṣọ́ọ̀bù wéréwéré lọ, ó tiẹ̀ lè dín. Kì í ṣe nídìí ọ́ìlì ni dílà ti ń wá èrè. Bíréèkì, táyà àti àtúnṣe ńlá ni èrè rẹ̀ wà, ọkọ̀ tí kò sì wá sí àgbàlá rẹ̀ kò lè jẹ́ kó rí bíréèkì kankan ṣe. Nítorí náà ló ṣe ń fi kúpọ́ọ̀nù ránṣẹ́ sí ilé àwọn oníbàárà pé kí wọ́n wá gba ọ́ìlì ní ẹ̀dínwó. Ìdẹ ni ọ́ìlì yẹn. Ṣọ́ọ̀bù wéréwéré náà ní ìdẹ tirẹ̀, ara pátákó ló ń kọ ọ́ sí. Iye tó hàn gàdàgbà níbẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ti ọ́ìlì tí kì í ṣe sintẹ́tíìkì, kò sì kọjá kúọ́ọ̀tì 5. Bí ọkọ̀ bá ń mu sintẹ́tíìkì, bẹ́ẹ̀ sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú ọkọ̀ tuntun rí, iye yẹn fò sókè lẹ́sẹ̀ kan náà. Bó bá jẹ́ Chevrolet Silverado onílítà 5.3 tó ń mu kúọ́ọ̀tì 8 ni, wọ́n á tún ka kúọ́ọ̀tì mẹ́ta lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, kí owó ìdalẹ̀ ọ́ìlì àlòkù àti owó orí tó dé.

Àwọn ṣọ́ọ̀bù yìí kò fi bẹ́ẹ̀ pẹ́ láyé. Tẹ́lẹ̀ rí, ilé epo ló ń bá èèyàn pààrọ̀ ọ́ìlì. Ẹni tó ń bu epo náà ló ń yọ géèjì wò. Lẹ́yìn tí epo wọ́n gógó ní 1973, ilé epo tí oníkálukú ti ń fọwọ́ ara rẹ̀ bu epo gbilẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì pa apá tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe tì. Àyè tó ṣófo yẹn ni Jiffy Lube, tó ti Utah bẹ̀rẹ̀ láwọn ọdún 1970, gbà wọlé. Valvoline, tó ti ń ta ọ́ìlì láti 1866, náà dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀. Kí ọwọ́ yá ni wọ́n dúró lé, wọ́n sì ń ṣe é.

Ẹ̀rù wáráńtì ló ń dá ọ̀pọ̀ padà sọ́dọ̀ dílà. Ẹni tó fi owó ìnira ra ọkọ̀ tuntun kò fẹ́ kí ẹ́ńjìn dákú lọ́jọ́ kan, kí iléeṣẹ́ sì sọ pé ìta lo ti gba ọ́ìlì, kò sí ohun tó kàn wá. Ẹ̀rù yìí kò ní ìdí. Òfin Magnuson-Moss, tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣe ní 1975, kò gbà kí iléeṣẹ́ fi wáráńtì so oníbàárà mọ́ ṣọ́ọ̀bù tàbí ẹ̀yà ọkọ̀ tirẹ̀ nìkan, àfi tó bá ń ṣe iṣẹ́ náà fún un lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí tó gba àṣẹ pàtàkì. Ní 2015, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ yìí, FTC, fẹ̀sùn kan ẹ̀ka MINI ti BMW pé ó ń sọ fún àwọn oníbàárà pé dandan ni kí wọ́n lo dílà àti ẹ̀yà MINI kí wáráńtì wọn má bàa bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ náà parí sí àdéhùn pé BMW kò ní dán irú rẹ̀ wò mọ́. Ohun tí òfin gbà fún iléeṣẹ́ ni pé kó kọ̀ láti san owó ẹ́ńjìn tó bá jẹ́ pé ọ́ìlì tí kò yẹ, tàbí àìpààrọ̀ ọ́ìlì, ló bà á jẹ́. Ìwé ẹ̀rí ni oníbàárà nílò níbẹ̀: ọjọ́, máìlì, irú ọ́ìlì. Ìwé yẹn dúró gbọn-in gbọn-in, ì báà jẹ́ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ títì ló fún un.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dunni jù ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Òṣìṣẹ́ á gbé fílítà dúdú kan wá sójú fèrèsé ọkọ̀, á ní afẹ́fẹ́ tí àwọn ọmọ ń mí sínú nìyí. Òmíràn á ní ọ́ìlì jíà ti dúdú, kí wọ́n fọ̀ ọ́ síta. Òmíràn á ní omi rédíétọ̀ ti ṣá. Ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀, tí ọkọ̀ mẹ́ta wà lẹ́yìn rẹ̀, kò ní àyè àtirò ó wò. Bó bá jẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé ni, tí ohùn àwọn ará ibẹ̀ kò tíì yé e délẹ̀, ojú á tì í láti béèrè, á sì mi orí. Báyìí ni 75 dọ́là ṣe ń di 240 láàárín ogún ìṣẹ́jú. Lọ́dọ̀ dílà, ẹni tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun ló ń sọ irú ọ̀rọ̀ kan náà, nínú yàrá tó tutù, pẹ̀lú ìwé aláwọ̀ mẹ́ta: ewéko, yẹ́lò àti pupa. Pupa yẹn ló ń dẹ́rù bani. Fílítà A/C ọkọ̀ tó pọ̀ jù kò gba irinṣẹ́ kankan láti yọ, ẹ̀yìn àpótí iwájú ìjókòó ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ ló wà. Ẹni tó bá rà á fúnra rẹ̀ sábà máa ń san ìdá mẹ́ta owó tí wọ́n ń béèrè ní ṣọ́ọ̀bù, tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí ọ́ìlì jíà yẹ fún pípààrọ̀ wà nínú ìwé tó bá ọkọ̀ wá. Ìdáhùn tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ ni: "Ẹ ṣeun, ọ́ìlì àti fílítà rẹ̀ nìkan ni lónìí. Ẹ bá mi kọ ìyókù sílẹ̀." Kò sí àrífín nínú rẹ̀, ẹni tó bá sì ń ṣiṣẹ́ tòótọ́ á kọ ọ́ sílẹ̀.

Àmọ́ èyí tó ń jẹ owó jù lọ, kò sẹ́ni tó ń jiyàn lé e lórí. Iye ìgbà ni. Nílé, mẹkáníìkì máa ń sọ pé bí ọkọ̀ bá ti rin 5,000 kìlómítà, kí wọ́n gbé e wá. Ìmọ̀ràn gidi ni fún Èkó. Eruku wà, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wà tí ẹ́ńjìn ń jó fún wákàtí méjì láìkúrò ní Ìkẹjà, 20W-50 tí kì í ṣe sintẹ́tíìkì ni ọ̀pọ̀ sì ń dà sínú rẹ̀. Ìwọ̀n yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ bá 3,000 máìlì mu, èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà náà gbà gẹ́gẹ́ bí òfin láyé àtijọ́. Nígbà tí ọmọ Yorùbá bá dé Texas, tó rí sítíkà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀ pé kó padà wá lẹ́yìn 3,000 máìlì, kò jọ ọ́ lójú, torí ohun tí wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, fún ọkọ̀ Toyota tó ń mu 0W-16 tàbí 0W-20 sintẹ́tíìkì, ìwé Toyota ní 10,000 máìlì tàbí ọdún kan, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Bí iṣẹ́ ọkọ̀ bá le, 5,000 máìlì. Honda àti General Motors tiẹ̀ fi kọ̀ǹpútà sínú ọkọ̀ tó ń ṣírò rẹ̀ bí awakọ̀ ṣe ń wà á, tó sì ń sọ ìdá ọ́ìlì tó kù lójú dáṣíbọ́ọ̀dù.

Ẹ gbé ìṣirò yìí yẹ̀ wò fún ẹni tó ń fi ọkọ̀ ṣe Uber ní Houston, tó ń rin 30,000 máìlì lọ́dún. Iṣẹ́ rẹ̀ le, nítorí náà kó máa pààrọ̀ ọ́ìlì ní 5,000 máìlì: ìgbà mẹ́fà. Bó bá ń san 90 dọ́là nígbà kọ̀ọ̀kan, 540 dọ́là ni. Bó bá ń tẹ̀ lé sítíkà 3,000, ìgbà mẹ́wàá ni, 900 dọ́là. Ó ti fi 360 dọ́là ṣòfò. Bí dílà bá sì fi 15 dọ́là wọ́n ju ṣọ́ọ̀bù wéréwéré lọ, ìyàtọ̀ yẹn kò ju 90 dọ́là lọ nínú ìgbà mẹ́fà. 90 yẹn ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ pariwo mọ́ ara wọn níbi ìnáwó, tí 360 sì ń jáde lójú fèrèsé láìsí ẹni tó wò ó.

Ọ̀rọ̀ yìí kò wá túmọ̀ sí pé kí èèyàn gbàgbé géèjì. Àwọn Camry onílítà 2.4 láti 2007 sí 2009, àwọn tí wọ́n ń pè ní Muscle ní Nàìjíríà, ní ẹ́ńjìn tí ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ń mu ọ́ìlì bí ẹni ń mu omi, Toyota fúnra rẹ̀ sì fi àkókò kún wáráńtì wọn nítorí àbùkù náà. Ẹni tó bá wa irú rẹ̀ láìyẹ géèjì wò láàárín pípààrọ̀ kan sí èkejì lè pa ẹ́ńjìn náà kí ọjọ́ tó pé. Ẹni tó ń gbé Chicago, tí ìrìn rẹ̀ nígbà òtútù kò ju máìlì méjì-méjì lọ, kò gbọ́dọ̀ dúró de 10,000 bákan náà.

Dílà ní ibi tí kò sí ẹni tó lè rọ́pò rẹ̀. Bí iléeṣẹ́ bá pe ọkọ̀ padà nítorí àbùkù tó lè pani, dílà nìkan ló ń tún un ṣe, ọ̀fẹ́ sì ni. Àwọn àpò atẹ́gùn Takata tó ń bú gbàmù sójú awakọ̀, nǹkan bíi mílíọ̀nù 67 ni wọ́n pè padà ní Amẹ́ríkà. Ṣọ́ọ̀bù wéréwéré lè pààrọ̀ ọ́ìlì irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá láìsọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, torí kì í ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó ra Toyota tuntun tún ní ToyotaCare, tó ń san owó ìtọ́jú fún ọdún méjì tàbí 25,000 máìlì. Gbígbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ sí ìta ní àkókò yẹn, owó ọ̀fẹ́ ni èèyàn sọ nù. Àwọn ọkọ̀ ilẹ̀ Jámánì náà ń kọ irú ọ́ìlì tí wọ́n fẹ́ sínú ìwé wọn, ọ́ìlì inú ágbá tí ṣọ́ọ̀bù ń fún gbogbo ayé sì lè má jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Bí Mercedes bá ní 229.5, 229.5 ni kí èèyàn béèrè, kó sì rí i kà lára ike.

Bí ọkọ̀ bá ti jáde nínú àkókò ọ̀fẹ́, tí kò sì ní àbùkù tí wọ́n ń pè é padà fún, ṣọ́ọ̀bù tó súnmọ́ ilé ti tó fún ọ́ìlì. Àwọn tó gbà pé ọwọ́ ọ̀gá ló ń kan ọkọ̀ wọn lọ́dọ̀ dílà kò mọ̀ pé ọmọ iṣẹ́ tó kéré jù ni wọ́n sábà máa ń gbé ọ́ìlì fún níbẹ̀ náà. Nọ́ọ̀tì abẹ́ ẹ́ńjìn lè má fún dáadáa níbi méjèèjì. Rọ́bà fílítà àtijọ́ lè lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ níbi méjèèjì, kí ọ́ìlì sì máa jò. Kí èèyàn fa géèjì yọ kó tó kúrò, kó tún wo ilẹ̀ tí ọkọ̀ sùn sí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Kó sì tọ́jú rìsíìtì. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù, ti dílà àti ti ẹ̀gbẹ́ títì, ló ń fi iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ránṣẹ́ sí Carfax, iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú ìtàn ọkọ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà ṣásíìsì, ó sì wà níbẹ̀ títí lọ. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ọkọ̀ náà lè wọ kọ̀ǹténà, kó gúnlẹ̀ sí èbúté Tin Can ní Èkó gẹ́gẹ́ bíi tòkunbọ̀. Ẹni tó fẹ́ rà á ní ọjà ọkọ̀ Bẹ́gà á tẹ nọ́ńbà ṣásíìsì yẹn sórí fóònù, á sì máa ka ọjọ́ àti máìlì tí ọ́ìlì wọlé ní Houston, lọ́kọ̀ọ̀kan, kó tó dá iye lé e.