ṢÉ Ẹ̀ṢẸ̀ NI LÁTI ṢIYÈMÉJÌ SÍ Ọ̀RỌ̀ ÀÀRẸ?

Ìbéèrè kan ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lórí ewé yìí, nítorí ó ti pẹ́ tí ó ti ń jà lọ́kàn wa.

Ní agogo méje alẹ́ ọjọ́ 31, oṣù Keje, ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú bá gbogbo orílẹ̀-èdè sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣàn. Ilé wa ní Maryland ni a wà. Wọ́n ti mú iná lọ, a sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí a tó tan jẹnẹrétọ̀, nítorí lítà epo kan tí kò tó náírà 200 ní oṣù Karùn-ún ti lé ní 550. Ìyá kan nínú ìjọ, tí ó ń dín àkàrà nítòsí ibùdókọ̀, wà lọ́dọ̀ wa, pẹ̀lú arákùnrin kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìlúpéjú.

Ààrẹ ní òun mọ̀ pé ara ń ni wá. Ó ní láàárín oṣù méjì tí a ti yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo, ìjọba ti rí ohun tí ó lé ní tírílíọ̀nù kan náírà fi pamọ́. Ó ṣèlérí bílíọ̀nù 75 fún ilé iṣẹ́ ńláńlá 75, kí wọ́n yá a ní èlé 9 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Ó ṣèlérí 50,000 náírà fún olókòwò kéékèèké 1,300 ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àti bọ́ọ̀sì 3,000 tí yóò máa lo gáàsì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò gba ènìyàn 20.

Nígbà tí ó parí, ìyá aláàkàrà bi wá pé, "Pásítọ̀, ṣé èmi náà á wà nínú wọn báyìí?" Kí a tó dáhùn, arákùnrin wa ní, "Màmá, ẹ má ṣiyèméjì. Bíbélì ní kí á bọ̀wọ̀ fún aláṣẹ." A ṣe àmín, ṣùgbọ́n oorun kò kùn wá lóru ọjọ́ náà. A dìde, a mú bírò àti ìwé.

Ìjọba ìbílẹ̀ 774 ni ó wà ní Nàìjíríà. Bí a bá sọ ọ́ ní ìlọ́po 1,300, ó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù kan ènìyàn. Ìṣirò Ààrẹ pé. Ṣùgbọ́n ìjọba ìbílẹ̀ 20 ni òfin mọ̀ ní Èkó, ìyẹn ni pé 26,000 ènìyàn péré ni yóò gbà á nínú gbogbo ìpínlẹ̀ yìí. Ẹni tí ó bá ti gba Ọ̀ṣọ́dì kọjá rí mọ iye ènìyàn tí ń tajà níbẹ̀ nìkan. Bọ́ọ̀sì ńkọ́? Bí a bá pín 3,000 sí ọ̀nà 774, kò tó mẹ́rin mẹ́rin.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe òdodo. Owó ìrànwọ́ epo ti ń gbẹ àpò ìlú. Ní ọdún 2022 nìkan, ó ju tírílíọ̀nù mẹ́rin náírà lọ. Ìjọba tí ó lọ kò tilẹ̀ ṣètò owó fún un kọjá oṣù Kẹfà 2023. Ìyípadà yóò wá dandan. Iyèméjì wa kò sí lórí pé àìsàn wà. Bóyá oògùn náà tó aláìsàn ni a ń rò.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn, ilé iṣẹ́ GSK, tí a mọ̀ mọ́ Panadol, tí ó wà ní Ìlúpéjú, kéde pé òun yóò kógbá sílé ní Nàìjíríà lẹ́yìn ohun tí ó lé ní 50 ọdún. A kò sọ pé ọ̀rọ̀ Ààrẹ ló fà á, irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ọjọ́ mẹ́ta. Kì í sì í ṣe ibẹ̀ ni arákùnrin wa ti ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó tún wá sọ́dọ̀ wa, òun gan-an ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè. Owó oṣù tuntun tí Ààrẹ mẹ́nu bà lálẹ́ ọjọ́ náà, ọjọ́ 29 oṣù Keje 2024 ni ó tó fọwọ́ sí òfin rẹ̀, 70,000 náírà. Ó ku ọjọ́ méjì kí ó pé ọdún kan gbáko. Nígbà tí ó fi di oṣù Kẹwàá ọdún náà, epo ní Èkó ti ku díẹ̀ kí ó pé 1,000 náírà ní lítà kan.

Ǹjẹ́ a ṣẹ̀ bí a bá ṣiyèméjì? Ẹ ṣí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 17. Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ wàásù fún àwọn ará Bèríà, síbẹ̀ ojoojúmọ́ ni wọ́n ń yẹ Ìwé Mímọ́ wò bóyá bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà rí. Bíbélì kò bá wọn wí. Ó yìn wọ́n ni. Bí a bá lè yẹ ọ̀rọ̀ àpọ́sítélì wò, ta ni a kò lè yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò?

Àwọn baba wa ní ẹni tí yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Nehemáyà jẹ́ gómìnà fún ọdún 12, kò jẹ oúnjẹ tí ó tọ́ sí gómìnà, nítorí pé ẹrù wúwo lórí àwọn ènìyàn. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kọkànlá 2023, nígbà tí a sọ fún ará ìlú pé kí wọ́n di àmùrè wọn, bílíọ̀nù 5 náírà fún ọkọ̀ ojú omi Ààrẹ wà nínú àfikún ètò ìnáwó. Ariwo sọ. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin sì yí owó náà sí ẹ̀yáwó àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ rí i pé ìbéèrè ará ìlú kì í ṣe asán.

Nítorí náà, ará, ẹ má ṣe sọ iyèméjì di ìkùnsínú tàbí èébú. Ẹ kọ ìlérí sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Ẹ lọ bi káńsẹ́lọ̀ yín léèrè. Ẹ gbàdúrà fún aláṣẹ, kí ẹ sì máa ka iye tí ó ń wọlé. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ bá aya yín jókòó ṣírò owó ilé. Ẹ má fi ìlérí tí kò tíì dé ra ọjà àwìn.

Ìyá aláàkàrà, a jẹ yín ní èsì láti alẹ́ ọjọ́ yẹn. Èsì wa rèé: ẹ kò ṣẹ̀ pé ẹ bèèrè. Ó yẹ kí ẹ bèèrè, àwa ni ó yẹ kí a ti bá yín bèèrè.