Ẹ fi "sorry" wa sílẹ̀ jàre

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ṣe fídíò "Gẹ̀ẹ́sì tẹ́ ẹ̀ ń sọ ò dáa", ọ̀dọ̀ yín ni mò ń bọ̀ lónìí. Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀ o, ẹ jókòó.

Mo tún rí ọ̀kan lánàá. Arákùnrin náà wọ kóòtù, ó ń na ìka sí kámẹ́rà. Ó ní tí ẹnì kan bá ṣubú níwájú ẹ, má sọ "sorry" fún un, ìwọ kọ́ lo tì í. Ó ní òyìnbó máa rò pé ìwọ lo jẹ̀bi. Àwọn èèyàn wá ń kọ "thank you sir" sábẹ́ ẹ̀! Inú bí mi débi pé mo gbàgbé ìrẹsì lórí iná.

Kí n má parọ́, ọ̀rọ̀ yìí ti ná èmi náà lówó rí. Lọ́dún tó kọjá, obìnrin kan ní Lọ́ńdọ̀nù gbé iṣẹ́ fídíò fún mi. Kò tíì fi fáìlì ránṣẹ́ tán tí kọ̀ǹpútà ẹ̀ fi kọṣẹ́. Ó kọ̀wé sí mi pé gbogbo ẹ̀ ti tojú sú òun. Kí ni ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé máa sọ? Mo ní, "Sorry about the video, ma." Ohun tí màmá mi náà máa sọ nìyẹn: ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ìgbà tí owó máa dé, ó ti yọ £40 kúrò níbẹ̀. Ó ní ṣebí èmi náà ti gbà pé èmi ni mo fa ìdádúró, mo kúkú ti tọrọ àforíjì.

Àforíjì kẹ̀? Mo ń bá ọ kẹ́dùn ni!

Ẹ lè wá sọ pé, àbí o ò rí i, arákùnrin oníkóòtù tọ̀nà. Kò tọ̀nà. Òyìnbó fúnra ẹ̀ kì í fi "sorry" ṣe ohun kan ṣoṣo. Tí kò bá gbọ́ ohun tó o sọ, "sorry?" Tó bá fẹ́ kọjá lára ẹ nínú ọkọ̀, "sorry". Tó bá fẹ́ ta kò ẹ́ nípàdé, "sorry, but". Ilé tó fẹ́ wó, wọ́n á ní ó wà ní "sorry state". Tí bàbá ẹ bá sì kú, wọ́n á ní "I'm sorry for your loss". Ṣé àwọn ni wọ́n pa bàbá ẹ ni? Mi ò tíì rí ẹni tó ṣe fídíò bú wọn nítorí ìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ wú gbòǹgbò ẹ̀. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, "sārig" ni ọ̀rọ̀ náà. Inú "sār" ló ti jáde, ìyẹn ìrora, ọgbẹ́. "Sār" yẹn náà ló di "sore" lónìí. Ẹni tí nǹkan ń dùn, ẹni tínú ẹ̀ bàjẹ́, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní "sārig". Ẹ̀bi ò sí níbẹ̀ rárá. Ẹ̀yìn ni wọ́n tó wá ń fi tọrọ àforíjì. Torí náà, ìyá oníṣu tó rí ẹ tó o fẹsẹ̀ kọ, tó ní "ah, sorry o", ìyá yẹn sún mọ́ ìtumọ̀ àkọ́kọ́ ju tíṣà orí TikTok lọ.

Àwọn tó ni èdè gan-an, ọ̀rọ̀ yìí dà wọ́n láàmú débi pé wọ́n ṣòfin sí i. Lọ́dún 2006, òfin kan jáde ní England tó sọ pé àforíjì nìkan ò tó láti fi sọ pé ẹni tó tọrọ ẹ̀ ló jẹ̀bi àìbìkítà. Ontario ní Kánádà náà ṣe tiwọn lọ́dún 2009, Apology Act ni wọ́n pe orúkọ ẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan! Ìlú oníbàárà mi ni wọ́n ti ṣe ti àkọ́kọ́ yẹn o.

Àwa ńkọ́? Tí nǹkan bá ṣe ẹ́, pẹ̀lẹ́. Tí mo bá ṣẹ̀ ẹ́, má bínú. Lóòótọ́, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ nínú danfo lè ní "pẹ̀lẹ́", ó tán. Àmọ́ tọ́rọ̀ bá le, pẹ̀lẹ́ ò lè gbà á, àfi kó kúnlẹ̀ kó ní ẹ má bínú. Ìgbà tí "sorry" dé ọ̀dọ̀ wa, orí àga pẹ̀lẹ́ la gbé e sí. Àṣìṣe wo ló wà níbẹ̀?

Ibi kan ṣoṣo tí inú bá ti lè bí mi sí "sorry" wa ni ọ̀dọ̀ télọ̀. Ọjọ́ òde ti pé, aṣọ ò tíì kúrò lórí tábìlì, ó wá ní "sorry, àǹtí mi". Sorry ti kí ni? Ìwọ lo dáná sunlé mi, o tún ń kí mi kú ewu iná. "Ẹ má bínú" ni mo fẹ́ gbọ́. Ó mọ̀ ọ́n, kò kàn fẹ́ sọ ọ́ ni.

Èmi ò kọ "sorry" sí oníbàárà òkè òkun mọ́, torí owó lowó ń jẹ́. Àmọ́ tí àgbàlagbà bá kọsẹ̀ níwájú mi lọ́jà, màá ju báàgì sílẹ̀, màá ní "ah, sorry mà". Arákùnrin oníkóòtù, tó o bá rí ibí yìí, ilẹ̀kùn mi ṣí sílẹ̀, wá ká jọ ṣe fídíò ẹ̀ pọ̀.