Ta Ni Ó Ní Kí A Má Ná An?

Ó yà mí lẹ́nu pé àwa Yorùbá, tí a kì í ra iṣu kan láìná an, ni a wá ń ra ọ̀rọ̀ ẹnu lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ní iye yòówù tí wọ́n bá pè é. Ní Òkàkà, láàárín Ìṣẹ́yìn àti Ṣakí, ìyá tí ó gbé èlùbọ́ kalẹ̀ mọ̀ pé iye tí òun kọ́kọ́ pè kọ́ ni òun yóò gbà. Ẹni tí ń rà á náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọn yóò fa ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn, oníbàárà yóò kẹ́yìn sí ọjà bí ẹni tí ń lọ, ìyá yóò pè é padà, ọ̀rọ̀ wọn yóò sì wọ̀. Bí ó bá jẹ́ oníbàárà àtijọ́ ni, yóò gba èènì lé e. Ṣùgbọ́n bí ẹni kan náà tí ó fi ìdajì wákàtí ná èlùbọ́ bá dé ọ̀dọ̀ ọmọ tí ń ta káàdì fóònù, ńṣe ni yóò ki ọwọ́ bọ àpò bí ẹni tí ń san owó orí.

Mo ti gbọ́ àwáwí tí àwọn ọ̀mọ̀wé kan ń ṣe lórí èyí. Wọ́n ní ní Lọ́ńdọ̀nù, onífóònù a máa tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ọdún kan tàbí méjì, àti pé ìgbà tí àdéhùn bá fẹ́ parí ni àyè àtiná an ń ṣí sílẹ̀. Òtítọ́ ni. Láti oṣù kejì ọdún 2020 ni Ofcom, àjọ tí ń ṣọ́ wọn níbẹ̀, ti sọ ọ́ di dandan kí ilé-iṣẹ́ kọ̀wé sí oníbàárà kí àdéhùn rẹ̀ tó parí, kí wọ́n sọ iye tí yóò máa san bí ó bá jókòó láìṣe nǹkan kan, àti iye tí wọn ìbá gbà bí ó bá tún àdéhùn ṣe. Láti oṣù keje ọdún 2019 pàápàá, ẹni tí ó fẹ́ kó nọ́ńbà rẹ̀ lọ kò níláti bẹ ẹnikẹ́ni. Yóò kọ PAC ránṣẹ́ sí 65075, wọn yóò sì fún un ní àmì ìdágbére rẹ̀. Ọmọ Yorùbá tí ó gbọ́n ní Peckham a kọ́kọ́ gba àmì náà sọ́wọ́, kí ó tó wá pè wọ́n pé, “Mo ń lọ o. Kí ni ẹ ní í sọ?”

Àwọn ọ̀rẹ́ mi wá ní, nígbà tí àwa kò ní àdéhùn tí ó ń parí, kí ni a fẹ́ fi ná an? Mo ní wọ́n ti ka ọ̀rọ̀ náà sẹ́yìn. Ẹni tí ó ra dátà ọjọ́ méje, àdéhùn rẹ̀ parí ní ọjọ́ keje. Ẹni tí ó ra káàdì ọgọ́rùn-ún náírà, ìgbà tí ó bá jẹ ẹ́ tán ni àdéhùn parí. Ará Lọ́ńdọ̀nù a dúró títí ọdún kan tàbí méjì yóò fi pé. Àwa, ọ̀la ni a lè lọ. Láti ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 2013, àjọ NCC ti fi àyè sílẹ̀ kí a gbé nọ́ńbà wa kúrò ní ilé-iṣẹ́ kan lọ sí òmíràn, ọ̀dọ̀ ẹni tí a sì ń bá lọ ni a ó lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹni tí a ń fi sílẹ̀. (Kí a ṣáà kọ́kọ́ jẹ kírẹ́díìtì tí ó kù tán, nítorí kì í bá nọ́ńbà lọ.) Mélòó nínú wa ni ó ti lò ó?

Bẹ́ẹ̀ ni a ti ná an rí, ó sì wọ̀. Ní ọdún 2001 tí àwọn fóònù wọ̀nyí dé, ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú ni wọ́n ń gba owó. Bí o sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, owó ìṣẹ́jú kan gbáko ni. A ké, wọ́n ní kò tíì ṣeé ṣe láti kà á ní ìṣẹ́jú àáyá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2003 ni Globacom wọ ọjà pẹ̀lú ohun tí kò ṣeé ṣe náà. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà ni àwọn onífóònù káàkiri Nàìjíríà sì pa fóònù wọn lódindi ọjọ́ kan láti fi ẹ̀hónú hàn lórí owó gegere. Kò pẹ́ tí ohun tí kò ṣeé ṣe fi di ohun tí gbogbo wọn ń ṣe.

Ẹ tún wo ti oṣù kìíní ọdún 2025. Àwọn ilé-iṣẹ́ ní kí NCC jẹ́ kí àwọn fi ju ìdá 100 nínú 100 kún owó wọn. NCC fọwọ́ sí ìdá 50, ó ní kí wọ́n má kọjá rẹ̀. Kí ni èyí bí kò ṣe ọjà nínà? Wọ́n ná an, wọ́n dín in, ọ̀rọ̀ wọ̀. Àwa tí a ó san owó nìkan ni a kò sí lọ́jà. N kò sọ pé kí wọ́n máa ta á lọ́fẹ̀ẹ́. Epo dísù tí òpó wọn ń mu kò rọjú, náírà sì ti já wálẹ̀ gidigidi láti ọdún 2023. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ta èlùbọ́ náà ra epo, ó san owó ọkọ̀, a kò sì tìtorí ìyẹn má ná an.

Ohun kan wà tí ó máa ń bí mi nínú. Mo ti ń lo nọ́ńbà kan fún ọ̀pọ̀ ọdún, n kò gba èènì kan lórí rẹ̀ rí. Síìmù kejì tí mo pa tì nínú fóònù kan náà ni wọ́n ń bẹ̀ lójoojúmọ́ pé kí ó padà wá, àwọn yóò fún un ní ìlọ́po. Níbo ni a ti ń fún àlejò ní èènì, tí a ń wo oníbàárà níran? Ṣùgbọ́n ẹ kọ́gbọ́n níbẹ̀: ẹni tí wọ́n bá rò pé ó ń lọ nìkan ni wọ́n ń dá lóhùn.

Ìṣòro wà fún àwọn ènìyàn wa ní Òkè-Ògùn, n kò ní í fi í pamọ́. Bí ó bá jẹ́ òpó ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ni fóònù ń rí ní oko ẹ̀gẹ́, níbo ni olóko yóò dẹ́rù bà wọ́n pé òun ń lọ? Bí ọ́fíìsì tí yóò ti gbé nọ́ńbà rẹ̀ bá sì wà ní Ìṣẹ́yìn tàbí Ṣakí, owó ọkọ̀ ti jẹ èrè rẹ̀ ná. Ọ̀kan ṣoṣo kò lè ná irú ọjà bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ ni yóò ná an. Àdéhùn kan wà tí wọ́n ń pè ní CUG, tí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ń bá àwọn iléeṣẹ́ ńlá ṣe, tí wọ́n sì ti bá yunifásítì ṣe pẹ̀lú, kí àwọn òṣìṣẹ́ lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní owó pọ́ọ́kú. Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ẹgbẹ́ ọlọ́jà, ẹgbẹ́ ọmọ bíbí ìlú, gbogbo wọn ni ó ní orúkọ, ìwé àti ènìyàn tí ó tó kà.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń lọ sílé lásìkò ìsinmi yìí, ẹ bá wọn kọ lẹ́tà náà, kí ẹ sì túmọ̀ èsì rẹ̀ sí Yorùbá fún wọn kí ẹnikẹ́ni tó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Bí àwọn ilé-iṣẹ́ bá dáhùn pé àwọn kì í ná ọjà, ẹ bi wọ́n léèrè ta ni ó bá àwọn yunifásítì ṣe tiwọn.